Bí mo ṣe ń pín ọ̀sẹ̀ mi fún irin, póka àti ilé

Alẹ́ ọjọ́ Ajé àti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo máa ń ta póka, eré káàdì olówó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí a jọ ń tà á sọ pé ó kéré jù, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa gbọ́dọ̀ máa jókòó tì í lójoojúmọ́. Mi ò gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ìwòrókò máa ń bi mí bí mo ṣe ń rí àyè ṣiṣẹ́, gbé irin, ta póka, kí n sì tún ṣe bàbá ọmọ nílé. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà lọ́kàn mi.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ìgbà tí èèyàn bá ti dìde nídìí irin àti póka ló tó ń dàgbà nínú wọn. Nígbà tí irin wà léjìká, ṣe là ń fi ìyà jẹ iṣan. Ó dìgbà tí a bá gbé e kalẹ̀, tí a jẹun, tí a sùn, kí iṣan tó tún ara rẹ̀ kọ́, àtúnkọ́ náà sì lè gba wákàtí 24 sí 48. Ní ti póka, nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n máa fún ọ láti pinnu, ohun tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lo sì máa lò. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lo máa kọ́ ohun tuntun, pẹ̀lú ìwé àti bírò, nígbà tí kò sówó kankan nílẹ̀. Ẹni tó ń ta póka fún wákàtí mẹ́fà lálaalẹ́ kò kọ́ nǹkan jù mí lọ. Ohun tó ti mọ̀ ló ń tún ṣe, títí kan èyí tó mọ̀ sódì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta ni mo ń gbé irin, láago mẹ́fà, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo mú Ajé àti Ọjọ́bọ̀ fún póka torí pé kò sí irin láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọn. Alẹ́ àwọn ará Yúróòpù ni tábìlì máa ń kún, aago tiwọn sì sún mọ́ tiwa, nítorí náà láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá ni ọjà náà ń ná. Bí mo bá jókòó sí i ní alẹ́ Ìṣẹ́gun, oorun mi á dín kù, irin àárọ̀ Ọjọ́rú á sì wúwo ju bó ṣe wúwo lọ. Alẹ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ló fi ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, òun náà ló sì láṣẹ láti fi bírò fa ìlà sórí Ọjọ́bọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bó bá ti fà á, ọ̀rọ̀ ti parí.

Jíìmù wa wà ní Baṣírì, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Kò sí dígí, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀pá irin méjì àti bẹ́ǹṣì kan ló wà níbẹ̀, àwọn àwo irin náà sì jẹ́ èyí tí wẹ́dà gé, tó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí lára. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara àwo yẹn kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Mo gbé wọn lọ sórí òṣùwọ̀n ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ra kòkó: èyí tí wọ́n kọ 20 sí lára kò pé kílò 19, èkejì rẹ̀ sì lé ní 21. Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa ṣe fún ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó ń fi wọ́n lóṣòó, tí ọwọ́ ọ̀tún wúwo ju òsì lọ láti oṣù dé oṣù. A fi ọ̀dà funfun kọ ìwọ̀n gidi sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì so àwọn tó bára mu pọ̀ ní méjì méjì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti àwo tó kéré jù. Kílò 5 ni. Àwo méjì là ń fi sí ọ̀pá, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, èyí ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi díẹ̀ kún ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 10 kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń gbé kílò 60 sókè orí, tó wá fi 10 kún un, ìdá kan nínú mẹ́fà ló fi kún un lójijì. Ara kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọkùnrin ti ń dúró sójú kan fún ọdún, tí wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ò gbà á, tí ó sì jẹ́ pé irin kékeré ni wọn ò ní. Mo ní kí wẹ́dà kan ní Ìjìgbò gé irin pẹlẹbẹ méjì fún mi, kílò 1.25 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ kò tó owó àwo iyán méjì. Báyìí mo lè fi 2.5 kún un, kí n dúró tì í títí ara á fi mọ̀ ọ́n, kí n tó tún fi òmíràn kún un. Inú àpò mi ni wọ́n ń gbé, ẹnikẹ́ni tó bá wá sí jíìmù lè yá wọn.

Ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ kò pọ̀: ìlóṣòó, bench press (fífẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì láti ti irin sókè), deadlift (gbígbé irin láti ilẹ̀ títí a ó fi dúró), àti gbígbé sókè orí. Ìpele márùn-ún, ẹ̀ẹ̀márùn-ún nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín wọn. Fóònù mi kì í jáde nínú àpò. Mo mọ àwọn tó ń wo fídíò póka nínú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, mi ò sì rò pé wọ́n ń rí èrè kankan nínú ọ̀kankan. Àwọn ọmọbìnrin méjì láti yunifásítì náà ń bá wa gbé e. Nígbà tí ẹnì kan ní irin kì í ṣe ti obìnrin, mo sọ fún un nípa Adijat Ọlárìnóyè, tó gba wúrà fún Nàìjíríà ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022 nínú ìsọ̀rí kílò 55. Àpapọ̀ ohun tó gbé jẹ́ kílò 203. Onítọ̀hún dákẹ́.

Tí òjò bá sọ àgbàlá jíìmù di ẹrẹ̀, orí àtẹ̀gùn ìjókòó pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ni mo máa ń lọ gùn. Inú mi máa ń dùn sí orúkọ yẹn, torí ó wà lára àwọn tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje 4×100 ní Barcelona ní 1992.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìyàwó mi kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ sọ pé kí a má gúnyán mọ́. Rárá o. Iyán ló ń fún mi lókun gbé irin. Ohun tó ń tún iṣan kọ́ ni iyán kò ní púpọ̀, ìyẹn purotéènì. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ń gbé irin jẹ́ bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, mo sì wọn kílò 80, èyí tó jẹ́ gíráàmù 128 lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò lówó ẹran lójoojúmọ́. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja títùsì, wàrà sóyà tí màmá kan ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, àti ẹyin láàárọ̀: bí mo ṣe ń kó o jọ nìyẹn. Ẹran inú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò jẹ́ ẹ̀bùn lórí rẹ̀.

Póka wá. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà ni mo ń jókòó sí, sẹ́ǹtì 5 àti 10 (owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì), dọ́là 10 ni màá sì gbé wọ tábìlì. Tábìlì méjì péré ni mo ń ṣí pa pọ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ, aago á lọ, wọ́n á sì fold fún ọ, ìyẹn ni pé wọ́n á ju káàdì rẹ dànù. Adó-Èkìtì la wà, iná lè lọ nígbàkigbà. Nígbà tí bátìrì bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́rin, mo jáde. Alámù fóònù mi ń dún lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, bóyá mò ń jẹ ni o, bóyá wọ́n ń jẹ mí.

Ohun tí mò ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo máa ń sàmì sí ọwọ́ káàdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò dá mi lójú, màá kọ wọ́n sínú ìwé, màá sì ṣírò. Ẹ wo ọ̀kan. Owó ilẹ̀, ìyẹn owó tí a ti dá sílẹ̀, jẹ́ dọ́là 3, ó ku káàdì kan ṣoṣo tó máa ṣí. Káàdì mẹ́rin aláwòrán kan náà ló wà fún mi, ọ̀kan sí i á sọ ọ́ di flush, ìyẹn márùn-ún aláwòrán kan náà. Ẹnì kejì fi dọ́là 1.50 lélẹ̀. Bí mo bá san 1.50 yẹn, gbogbo ilẹ̀ á di dọ́là 6, èyí ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni mo san. Mo gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú káàdì 52, mo ti rí méjì ọwọ́ mi àti mẹ́rin ilẹ̀, nítorí náà káàdì tí mi ò tíì rí jẹ́ 46. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní káàdì 13, mo ti rí mẹ́rin, nítorí náà mẹ́sàn-án nínú wọn ló máa gbà mí, 37 kò ní gbà mí. Mẹ́sàn-án nínú 46 kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Nítorí náà kò tọ́ kí n san án, àfi kí n rí bíi dọ́là 1.70 sí i gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún nígbà tí flush bá wọlé. Ìbéèrè tó kù wá jẹ́ ti ènìyàn: ṣé irú ẹni tó máa san án ni, àbí ẹni tó máa sá tó bá rí àwòrán yẹn nílẹ̀? Orí tábìlì, tí aago ń lù, kò sí bí mo ṣe lè kọ́ ìṣirò yìí. Ní ọjọ́ Àìkú mo lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú iye owó tó yàtọ̀, títí ó fi máa wá fúnra rẹ̀.

Ìṣirò òmíràn tó ràn mí lọ́wọ́ gan-an ni kíkà ọ̀nà tí káàdì lè gbà wá. AA (káàdì A méjì, tó ga jù) lè wá lọ́nà 6 péré, KK lọ́nà 6, ṣùgbọ́n AK, A kan àti K kan, lè wá lọ́nà 16. Nígbà tí mo bá mú QQ, tí ẹni tí kì í fi eré ṣe owó bá tún owó gbé sókè mọ́ mi lójú, ẹ̀rù AA àti KK ló máa ń ba gbogbo èèyàn. Bó bá jẹ́ pé mẹ́ta yìí nìkan ló lè mú, AK ló pọ̀ jù lára wọn, 16 nínú 28.

Bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ayò, ọmọ ayò 48 nínú ihò 12, gbogbo rẹ̀ wà lójú táyé. Ẹni tó pàdánù mọ ibi tó ti ṣì í. Póka yàtọ̀ sí ìyẹn, torí AA bá KK pàdé, owó wọ ilẹ̀ tán, AA á ṣì pàdánù ní nǹkan bí 18 nínú 100. O lè ṣe ohun tó tọ́ kí owó lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi iye tí mo jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan dá ara mi lẹ́jọ́. Ìwé ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń dá a. Ní 2019, ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Pluribus, tí àwọn ará Carnegie Mellon àti Facebook ṣe, na àwọn ògbóǹtarìgì lórí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ara rẹ̀ ló bá ta eré náà láìmọye ìgbà kó tó mọ̀ ọ́n, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wíwọlé pẹ̀lú call lásán níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kí èèyàn kàn san iye tó wà nílẹ̀ láì fi kún un, kò dára, àyàfi fún ẹni tó ti fi owó kékeré sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo tábìlì sẹ́ǹtì 5 àti 10 lálẹ́ òní, ẹ ó rí àwọn tó ń ṣe é.

Màmá mi ní Ìkéré pè é ní tẹ́tẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn, torí tẹ́tẹ́ ni, owó wà nídìí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni tábìlì máa ń yọ ìpín tirẹ̀ nínú owó ilẹ̀, nítorí náà bí àwọn mẹ́fà tí ọgbọ́n wọn dọ́gba bá jókòó pẹ́, gbogbo wọn ló máa pàdánù. Mo máa ń sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, pàápàá ọmọ iléèwé. Owó póka mi wà lọ́tọ̀, dọ́là 400, ìlọ́po 40 ohun tí mò ń gbé wọ tábìlì. Bó bá já sí 300, màá sọ̀ kalẹ̀ sí tábìlì sẹ́ǹtì 2 àti 5, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Owó iléèwé, owó ilé àti owó ìwé títẹ̀ kò mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, lẹ́yìn irin, Ìkéré là ń lọ, àwọn ọmọ á lọ wo ìyá wọn àgbà, èmi á bá wọn ro ẹ̀gbẹ́ oko. Ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ùdírókò ní oṣù kẹjọ, kò sí irin, kò sí póka. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi kan kò pa ẹnikẹ́ni lára, agbára kì í yára lọ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ní ìdánwò, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó fi póka sílẹ̀ pátápátá, kó sì dín irin kù sí ọjọ́ méjì, ìpele mẹ́ta dípò márùn-ún. Ìyẹn tó láti di ohun tó ti ní mú.

Lóṣù yìí, ohun tí mò ń kọ́ ni bí èèyàn ṣe ń dáàbò bo owó tó fi sílẹ̀ ṣáájú kí káàdì tó ṣí, mo sì fẹ́ kí irin orí mi di kílò 62.5. Ẹni tó bá wà ní Adó, tó fẹ́ ká jọ wo ọwọ́ káàdì, ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣí sílẹ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ má mú owó wá.