Bọ́ọ̀lù Tó Kọlà

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé kan ni Alhaji wa dúró síwájú ihò àkọ́kọ́, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí gbogbo wa fetí sílẹ̀. Ìdíje olóṣooṣù ni, irú èyí tí wọ́n ń ka gbogbo gbígbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alhaji wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí eré ní pápá gọ́ọ̀fù wa l'Ékòó, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ.

"Ìjáfara ló ń ba pápá yìí jẹ́," ó wí bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá ń wọ́ bí ìgbín lónìí, n ò ní wojú ẹ̀."

Ẹ̀yìn èyí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ wà lábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, táwẹ́ẹ̀lì wà lábẹ́ agboòrùn, agboòrùn sì há. Nígbà tó rí i, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù lé e, ó ní ó ga jù. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ó ní ó ti rẹlẹ̀ jù. Igi 14 tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù ni òfin gbà kéèyàn kó sínú àpò, ó sì dà bíi pé Alhaji kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mú ọ̀kan. Ó fì í sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìkan bọ́ọ̀lù. Ìgbà karùn-ún ló tó gbá a, bọ́ọ̀lù náà ò sì ju 100 yáàdì lọ. Kádì rẹ̀, ẹni tó ń bá a gbé àpò igi, ń wo sánmà.

Àwọn tí kò mọ eré yìí a máa rò pé gbígbá ló ń jẹ àkókò. Rárá o. Gbígbá fúnra rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín gbígbá kan sí èkejì ló ń jẹ ọjọ́. Ìwé òfin tí R&A àti USGA, àwọn àjọ méjì tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù, gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, dámọ̀ràn pé kéèyàn má lò ju 40 ìṣẹ́jú àáyá lọ látìgbà tí ọ̀nà bá ti là fún un, ó sì gba àwọn eléré níyànjú pé ẹni tó bá ti ṣetán kó gbá, kí wọ́n má kàn dúró de ẹni tó jìnnà sí ihò jù. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Àwa mẹ́rin, ká ní oníkálùkù gbá 90, ó di 360. Bí a bá fi 10 ìṣẹ́jú àáyá péré ṣòfò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 3,600 nìyẹn, wákàtí kan gbáko. Ìbọ̀wọ́ wíwá ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Èmi ni mo ń kọ máàkì Alhaji, torí nínú irú eré yìí, ẹlòmíràn ló ń kọ iye téèyàn gbá sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ibi tí a ti ń gbá ihò 4 kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ sí green, ibi koríko kúkúrú tó yí ihò ká, ti ihò 12. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti ihò 10 ti dé ibẹ̀, ọkùnrin kan láàárín wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ihò. Ìwà ọmọlúàbí ti gọ́ọ̀fù ni pé bí ẹnì kan bá ti dúró ti bọ́ọ̀lù rẹ̀, kí gbogbo ẹnu pa mọ́, kí ẹsẹ̀ dúró, kí òjìji ẹnikẹ́ni má sì bọ́ sójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa gbà. Ìwà ọmọlúàbí tiwa ńkọ́? A kì í rí àgbà ká yí ojú. Ìwé òfin ò sọ èyí tó yẹ kó borí.

"Ẹ kú àárọ̀ o, sà!" Alhaji figbe ta. "Ẹ kú eré! Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Bọ́ọ̀lù ọkùnrin náà fẹnu họ etí ihò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó gbójú sókè, ó ní "A dúpẹ́" bí ẹni tí eyín ń dùn.

Inú Alhaji dùn pé òun kí èèyàn. Inú dídùn yẹn ló fi gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀, ló bá yà sápá ọ̀tún, ó wọ igbó. Kádì rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbá pùrófíṣọ́nà."

"Mo rí i. Ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò ló wà."

Igi máńgòrò mẹ́sàn-án ló wà lápá ibẹ̀.

Pùrófíṣọ́nà yìí ni òògùn ìjáfara tó dára jù, kò sì náni ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí o bá fura pé bọ́ọ̀lù rẹ lè ti sọ nù tàbí kó ti kọjá ààlà pápá, gbá òmíràn kó o tó kúrò lójú kan náà. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ là á sọ pé pùrófíṣọ́nà ni. Bí o bá kàn ní "Jẹ́ n tún gbá ọ̀kan," èyí tó o gbá yẹn ló di bọ́ọ̀lù rẹ nìyẹn, kódà bí àkọ́kọ́ bá jókòó sí àárín fairway, ojú ọ̀nà koríko tó lọ sí ihò, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Ó sì yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù tó wọ omi tí wọ́n ti ri òpó pupa mọ́ etí rẹ̀. Ìyẹn kò nílò pùrófíṣọ́nà. Máàkì kan lo máa san, wà á wọn gígùn igi méjì láti ibi tó ti kọjá etí omi, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ihò ju ibẹ̀ lọ, wà á sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ láti orúnkún.

A wọ abẹ́ máńgòrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lòfin fún wa. Márùn-ún ni tẹ́lẹ̀, 2019 ni wọ́n dín in kù, ìgbà tí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù tàbí kádì rẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ni aago bẹ̀rẹ̀. A rí bọ́ọ̀lù méjì. Ọ̀kan ti pọ́n bí eyín arúgbó, èkejì jẹ́ ti báńkì kan, orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Ti Alhaji ò sí níbẹ̀. Mo ní, "Alhaji, àsìkò ti pé." Ó ní aago mi ló ń sáré. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó gbà pé ó ti sọ nù.

Ó wá di dandan kó padà síbi tó ti gbá àkọ́kọ́, 210 yáàdì nínú oòrùn, máàkì kan lórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀yìn wa ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró, Màmá sì wà láàárín wọn. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, olùkọ́ àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bọ́ọ̀lù wọn kì í lọ jìnnà, kì í sì í yà. Bí wọ́n bá ti dé ìdí ẹ̀, wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fì igi lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ. Alhaji sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, òógùn ń kán sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Alhaji," Màmá wí. "Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

Ihò 5 ò dùn ún ròyìn. Alhaji wọ bunker, kòtò yanrìn, láti ibi tó ga jù, yanrìn ya lulẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, réèkì sì wà ní òdìkejì. Apá tó rẹlẹ̀ ló yẹ kéèyàn gbà wọ̀ ọ́, kó mú réèkì dání, kó lè máa tún ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe bó ṣe ń jáde. Nígbà tí gbogbo wa parí, a rí i pé kádì rẹ̀ ti fi àpò sílẹ̀ níwájú green, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn green ni ihò tó kàn wà. A bá rìn padà lọ gbé e, níṣojú Màmá àti àwọn ènìyàn wọn tí wọ́n dúró lórí fairway tí wọn ò lè gbá. Ibẹ̀ náà ni Alhaji ti ń ka máàkì rẹ̀ fún mi, "4, 5, 6..." Mo ní kó jẹ́ ká dé iwájú ká tó kọ ọ́.

Nígbà tí a dé ihò 6, iwájú wa ti ṣófo. A ò rí ẹnì kankan mọ́, àyàfi lékeléke mẹ́ta. Ìwọ̀n tí a fi ń mọ ìjáfara kò ju ìyẹn lọ. Ipò rẹ ni ẹ̀yìn àwọn tó wà níwájú, kì í ṣe iwájú àwọn tó wà lẹ́yìn. Bí gbogbo ihò kan bá ti ṣófo níwájú rẹ, o ti jáfara, bó ti wù kó o máa mí hẹlẹhẹlẹ tó. Máṣà, ẹni tó ń ṣọ́ bí eré ṣe ń yá sí, gbé ọkọ̀ kékeré rẹ̀ dé. Òfin gbà kí wọ́n fi máàkì kan kún ti ẹni tó bá jáfara láìnídìí, méjì bó bá tún un ṣe, lẹ́ẹ̀kẹta kó máa lọ ilé. Máṣà wo ojú ẹni tó fẹ́ bá wí, ó rí ọmọ ìgbìmọ̀. Ó ní, "Ẹ kú eré, sà," ó yí ọkọ̀ padà.

Ihò 7 kò gùn, 152 yáàdì, par 3, ìyẹn ni pé gbígbá mẹ́ta ló yẹ kó wọlé. Mo ní kí a jẹ́ kí Màmá kọjá. Alhaji ní òun, kí arúgbó kọjá òun? Kádì rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti kọjá yín tipẹ́, ẹsẹ̀ wọn ni ò tíì dé iwájú." Ó gbà.

Lórí ihò kúkúrú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ ó gbá tiyín dé green, ẹ ó rìn dé ibẹ̀, ẹ ó fi kọ́ìnì sàmì sẹ́yìn bọ́ọ̀lù yín, ẹ ó gbé e, ẹ ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó wá juwọ́ sí àwọn ẹ̀yìn pé kí wọ́n gbá. Alhaji ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìn sí ihò tó ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, ó sàmì, ó gbé e, ó sọ ọ́ sápò. Fóònù rẹ̀ wá dún. Mẹkáníìkì ni. Alhaji bọ́ sẹ́yìn igi kan, ó ń bá a jà lórí owó rédíétọ̀.

Màmá gbá tiwọn. Bọ́ọ̀lù náà balẹ̀ síwájú, ó sáré jẹ́jẹ́, ó yí bìrí, ó dúró. Ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ihò. A pàtẹ́wọ́ fún wọn láti ibi tí a wà.

Alhaji parí ìjà, ó jáde láti ẹ̀yìn igi, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Ó rí bọ́ọ̀lù kan lẹ́bàá ihò. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni la ẹnu, ó ti fọwọ́ kan ṣoṣo tì í wọlé. Kò fì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò fì í lẹ́ẹ̀kan pàápàá. Láti àárọ̀, òun nìyẹn tó máa kọ́kọ́ yára.

"Kọ 2 fún mi," ó wí. "Bádì!" Bádì ni bí èèyàn bá fi ẹyọ kan dín sí par.

Ẹnu wa wọ́hò. Màmá ń bọ̀ ní tiwọn, 152 yáàdì, wọn ò kánjú, àpò wọn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n dé, wọ́n wo green, wọ́n wo ojú wa. "Bọ́ọ̀lù mi dà?"

Alhaji ní kí wọ́n má bínú, bóyá ó wọ koríko ẹ̀yìn. Ó tilẹ̀ fẹ́ bá wọn wá a. Màmá tẹ̀ síbi ihò, wọ́n yọ bọ́ọ̀lù jáde, wọ́n sì yí i síwá sẹ́yìn lójú oòrùn. Wọ́n ti fi báírò pupa kọlà fún un, àbàjà mẹ́rin ní ìdábùú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ àtijọ́.

"Ọmọ mi rèé," wọ́n wí. "Ta ló jí i gbé?"

Alhaji na ọwọ́ sápò pé kóun fa áńkáṣíìfù yọ láti nu ojú. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ síbi ẹsẹ̀ Màmá. Funfun báláú, kò ní àpá kankan. Kádì Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé kádì lòun.

Òfin ò le lórí irú rẹ̀, ó kàn ń tani lára. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù oníbọ́ọ̀lù, máàkì méjì. Gbígbá yẹn fúnra rẹ̀ ò sí nínú ìṣirò, ó sì gbọ́dọ̀ padà gbá tirẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ihò tó kàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á lé e kúrò nínú ìdíje. Màmá ò jẹ̀bi nǹkan kan. Wọ́n dá bọ́ọ̀lù wọn padà síbi tó wà, wọ́n tì í wọlé, bádì tòótọ́. Alhaji padà síbi kọ́ìnì rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, ó fi mẹ́ta wọlé. Ọ̀kan tó kọ́kọ́ gbá, mẹ́ta yìí, méjì ìtanràn. Mo pa 2 rẹ́, mo kọ 6. Ó ní kí n kọ ọ́ kékeré.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alhaji kó bọ́ọ̀lù méjìlá wá, gbogbo wọn ti gba pélé, ìlà mẹ́ta mẹ́ta ní òòró, báírò aláwọ̀ búlúù. Kádì rẹ̀ bi í bóyá wọ́n ti sọ wọ́n lórúkọ. Kò dáhùn. Ìbọ̀wọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ látilé, a sì dé ihò 4 kí aago tó lu mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù yà sí apá ọ̀tún, ó dorí kọ máńgòrò. Kádì rẹ̀ la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Alhaji ti ṣáájú rẹ̀.

"Pùrófíṣọ́nà!" ó figbe ta, lékeléke fò lórí igi.

Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí green ihò 12 tún tàsé.