Ó ní bàálù, àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀ ń bà á

Aago mọ́kànlá ti lù, mi ò tíì sùn. Kíṣíìnì ni mo wà, iná orí sítóòfù nìkan ni mo tàn kó má bàa ràn dé abẹ́ ilẹ̀kùn Màámi. Mo ní kí n kọ nǹkan yìí sílẹ̀, bóyá á fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Èmi kọ́ ni Màámi sọ ọ́ fún. Àǹtí Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, tí wọ́n á máa pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn ní òdìkejì odò, mo ń kó aṣọ tó ti gbẹ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ni mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ó ní bàálù lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀ ń bà á." Àǹtí fèsì, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kunlékunlé tó gbowó tí ò padà wá mọ́. Tiwọn tán níbẹ̀. Tèmi ò tán.

A ò dé Galveston lónìí o, ìlú etí òkun tí mo fẹ́ fi bàálù mi gbé Màámi lọ. Plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì ló fà á, lẹ́yìn náà òjò. Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà á. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ṣe bí ẹni tó ń ráhùn. Wọ́n kàn sọ ọ́ bí èèyàn ṣe máa sọ pé ọmọ mi ga, ọmọ mi dúdú. Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ń ká aṣọ, mo ń bá ara mi jà nínú ọkàn. Ṣé ẹni tẹ́rù ń bà ló máa ra Cessna 150 ọdún 1974, tá sì máa gbé e wọ òfuurufú Texas nínú oòrùn oṣù Kẹjọ? Ọdún mẹ́fà rèé tí èmi àti Àdùkẹ́, bàálù mi, ti jọ wà. Ta ló bá mi gbé e?

Àmọ́ mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Wọ́n jókòó sórí kúlà lẹ́nu hángà láàárọ̀, wọ́n wé gèlè aláwọ̀ omi òkun yẹn torí pé òkun la fẹ́ lọ wò, wọ́n sì ń wò mí. Bí ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi yí bàálù yẹn po. Mo gun àkàbà, mo ki igi ìwọ̀n bọ táńkì torí pé mi ò gba géèjì inú ẹ̀ gbọ́ láéláé, ohun tí igi bá sọ ni tèmi. Mo fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún àti tòsì sínú ife, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó búlúù mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí omi tó lẹ̀ sísàlẹ̀. Mo fọwọ́ pa etí pùrọ̀pẹ́là látòkè délẹ̀ kí n mọ̀ bóyá òkúta ti ha á. Mo mi apá. Mo wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ẹyẹ ti tẹ́ koríko síbẹ̀ láti ọjọ́ Tuesday. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo ti àga wọn síwá sẹ́yìn títí mo fi gbọ́ kó! tí irin ẹ̀ bọ́ sínú ihò, torí pé àga àwọn Cessna àtijọ́ yìí lè yọ̀ sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń wa ọkọ̀, á fa ọwọ́ ìdarí dání lọ sẹ́yìn ni. Mo tún ti tèmi. Mo tún padà ti tiwọn.

Ẹni tí ò bá mọ̀, á ní ẹ̀rù ni. Ẹni tó bá mọ̀ náà... mi ò mọ ohun tí màá fi parí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi plọ́ọ̀gì torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. A dúró létí runway, mo tẹ búréèkì, mo gbé ẹ́ńjìnnì dé 1700 RPM, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí magneto ọ̀tún, magneto ni ẹ̀rọ tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ó rẹ̀ sílẹ̀ bíi 80, ó dáa. Mo yí i sí tòsì, ó já wálẹ̀ tó 250, gbogbo iwájú ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ìwé ọkọ̀ ní kò gbọdọ̀ ju 150 lọ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò sì gbọdọ̀ ju 75. Ẹ mọ ibi tí ọkàn mi sáré lọ, sílíńdà 3, èyí tó ṣe 61 nínú 80 nígbà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ dán an wò níbi annual, àyẹ̀wò ọdọọdún, ní oṣù Kẹta, tí bàbá mẹkáníìkì ní ká máa ṣọ́ ọ. Mo fa mixture, ọwọ́ tó ń dín epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù, sẹ́yìn, mo gbé ẹ́ńjìnnì sókè fún bí ìṣẹ́jú kan kó lè jó ìdọ̀tí ẹnu plọ́ọ̀gì dànù, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, 190. Nígbà tí mo dá a padà sórí méjèèjì, ó ń dún minimini bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan rí láyé. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Magneto méjì, plọ́ọ̀gì mẹ́jọ, sílíńdà mẹ́rin, tí ọ̀kan bá ń ṣe ségesège èkejì á bò ó láṣìírí. Ojú ọ̀run mọ́. Galveston ò ju ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ lọ. Màámi ti fi headset lé orí gèlè, wọ́n di báàgì wọn mú ṣinṣin sí itan. Mo rò ó. Òótọ́ ni, mo rò ó pé kí n máa lọ.

Mo yí ọkọ̀ padà. Màámi ní, "Ṣé a ti dé ni?" Mo ní rárá mà, à ń padà sílé. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Ní hángà mo tú plọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀, òfin gba onímọ́tò... ẹ gbà mí, òfin gba onítọ̀hún tó ni bàálù tó sì ní láísẹ́ǹsì láti tú plọ́ọ̀gì kó sì fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀, kó ṣá ti kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì, ìwé àkọsílẹ̀ bàálù, kó buwọ́ lù ú. Inú ti sílíńdà 3 ni mo ti bá a. Hóró òjé kan, àwọ̀ eérú, kò tó hóró ọkà bàbà, ó há sáàárín ẹnu plọ́ọ̀gì gan-an níbi tó yẹ kí iná ti máa ṣẹ́. Mo fi abẹ́rẹ́ kọ́ ọ jáde, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Nǹkan kékeré báyìí. Ẹ́ńjìnnì O-200 yìí, epo bàálù 80 ni wọ́n ṣe é fún láyé àtijọ́, epo 100LL tí à ń rà báyìí, òjé inú ẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́rin tiyẹn, bí èèyàn ò bá fa mixture sẹ́yìn nígbà tó bá ń rìn nílẹ̀, plọ́ọ̀gì ò ní gbóná tó, òjé á máa dì mọ́ ọn. Ta ni ò fà á sẹ́yìn lọ́jọ́ Tuesday? Èmi. Mo ń fi pápákọ̀ náà han Màámi, mo ń nawọ́ sí èyí, mo ń nawọ́ sí tọ̀hún, a rìn nílẹ̀ títí, mixture wà níwájú pátápátá. Ó dùn mí. Mo fọ gbogbo ẹ̀, mo fi sípánà tó ń ka agbára dè é padà, mo tan ẹ́ńjìnnì, ọ̀tún 80, òsì 90. Ìgbà yẹn òjò ti ṣú láti ìhà òkun, ìkùukùu ti ga bí òkè Olúmọ lórí òkè Olúmọ. A wálé.

Ó wù mí kí n tà á nígbà míì. Rárá, kò wù mí. Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí àti annual ló máa ń jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù. Mo ti ń yí i lórí ahọ́n látìgbà yẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rù ò bà mí rárá nínú bàálù yẹn ni ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì. Ojú ọjọ́ dára, kò tutù kò gbóná, ìrì kàn pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ni, orin ni mo ń kọ. RPM ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ní bóyá ọwọ́ mi ló fà á, mo tì í padà síwájú, mò ń kọ orin mi lọ. Ó tún sọ̀. Yìnyín ló ń dì nínú ọ̀fun kábúrétọ̀, epo tó ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ló ń fa ooru kúrò lára ẹ̀, kò dìgbà tí òtútù bá mú níta. Nígbà tí mo fa carb heat, ọwọ́ tó ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná wọ kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó tún burú sí i fúngbà díẹ̀ torí omi yìnyín tó ń yọ́ wọlé, ibẹ̀ làwọn míì ti máa ń já ọwọ́ ẹ̀ padà tí wọ́n á fi ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó padà bọ̀ sípò. Mo balẹ̀. Nílẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Tó bá jẹ́ pé ìyẹn ni àìbẹ̀rù, Màámi ò bú mi. Àbí wọ́n bú mi?

Bàámi ò bẹ̀rù lọ́rì wọn rárá. Bedford aláwọ̀ ewé yẹn, Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn, wọ́n á ní ọkọ̀ àwọn mọ àwọn. Màámi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà, wọ́n á máa fetí sílẹ̀ fún ìró ẹ́ńjìnnì ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Mi ò ní kọ ibi tó parí sí lálẹ́ yìí. Mi ò mọ̀ bóyá òun ló wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń bá Àǹtí sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì lásán. Mi ò lè bi wọ́n, torí wọ́n á mọ̀ pé mo ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi.

Ẹrù inú bàálù náà ṣì wà ńlẹ̀ o, ti ọ̀la tá a tún fẹ́ gbìyànjú. Mo ti ní kí wọ́n gun ìwọ̀n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ṣé ewúrẹ́ làwọn tí màá fi gbé àwọn sórí ìwọ̀n, mo bá fojú díwọ̀n pọ́n-ùn 165. Ọkọ̀ lófìfo pọ́n-ùn 1,112, èmi 184, Màámi 165, tí mo bá rọ epo kún, 22.5 gálọ́ọ̀nù tó ṣeé lò, pọ́n-ùn 6 ní gálọ́ọ̀nù, 135 nìyẹn, gbogbo ẹ̀ 1,596, òfin ní kò gbọdọ̀ ju 1,600. Báàgì mọ́ín-mọ́ín Màámi nìkan ju pọ́n-ùn mẹ́rin tó kù yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rọ epo mọ ní gálọ́ọ̀nù 15. Á gbé wa lọ, á gbé wa bọ̀, wákàtí kan á ṣì kù sínú táńkì, òfin ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó lójú ọ̀sán, èmi máa ń fi wákàtí kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà mí.

Ojú ọjọ́ ọ̀la dáa títí di ọ̀sán. Tá a bá gbéra ní aago mẹ́jọ...

Ẹ dúró, iná balùwẹ̀ tàn. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Mo gbọ́ tí ìwọ̀n yẹn ké píì, ó pẹ́ díẹ̀, ló bá tún ké píì. Ni Màámi bá pariwo láti kọ́ńdọ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé mo jókòó síbí látàárọ̀: "Báyọ̀, 171 ni nǹkan yìí sọ o. Mo gùn ún lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ti pa 165 rẹ́, mo ti kọ 171.