Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi yẹ Ìdànrè wò

Ó ku ọdún kan àbọ̀ kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, owó ilé ní Ìbàdàn sì ń ga sí i lọ́dọọdún bí ẹni pé onílé ń bá mi jà. Nígbà tí ìyàwó mi dá a lábàá pé kí a lọ máa gbé ní ìlú kékeré kan tí ariwo kò ti ní pa wá, Ìdànrè ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé mo ti mú àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ gun òkè ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun òkè láàárọ̀ tó sì padà sílé nírọ̀lẹ́ kò tíì mọ ìlú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ní oṣù Bélú ọdún 2024, mo di ẹrù ọjọ́ mẹ́rin, mo sì lọ fi ojú ẹni tó fẹ́ máa gbé ibẹ̀ wò ó.

Láti Àkúrẹ́, ọ̀nà náà kò ju kìlómítà 20 ó lé díẹ̀ lọ. Àpáta dúdú ràbàtà ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n imú ló sọ fún mi pé ìgbà kòkó ni: òórùn kíkan bíi ti ọtí tó ti pẹ́ nínú agbè. Níwájú ilé tí mo wọ̀ sí ní Odòde, apá kan Ìdànrè tó wà nísàlẹ̀ òkè, obìnrin kan tẹ́ tapólì sílẹ̀, ó ń fi pátákó tú kòkó rẹ̀ káàkiri kí oòrùn lè kan gbogbo rẹ̀, ó sì ń yọ àwọn tó lẹ̀ mọ́ra wọn sọ́tọ̀. Bí òjò bá ti ṣú, gbogbo àdúgbò ní ń sáré jáde wá bá ẹni tí kò sí nílé ká tirẹ̀. Mo bá wọn ká a lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ta ni mí kí wọ́n tó na etí tapólì sí mi.

Ní ọjọ́ kejì mo gun òkè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, orúnkún mi kò sì tíì dárí jì mí. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé nígbà tí ìlú náà ń jẹ́ Ufẹ̀ Òkè. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ àti ilé-ìwé wọn, orúkọ ibẹ̀ sì ti wà láti ọdún 2007 nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ohun tó mú mi jókòó ronú ni pé àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí ló fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ogun, òkè ni ààbò, nítorí pé ọ̀tá kò lè yọ sí wọn lójijì. Nígbà tí ogun tán, tí ọ̀nà àti òwò kòkó sì wà nísàlẹ̀, gígun òkè lójoojúmọ́ di làálàá lásán, wọ́n sì ṣí wá sílẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè tí mo gbé wá láti Ìbàdàn, wọ́n ti bi ara wọn rí.

Ilé tí mo fẹ́ràn jù ní yàrá mẹ́ta àti kànga. Bàbá onílé ní kànga àwọn kì í gbẹ. Mo dúpẹ́, wọ́n wọlé, mo sì lọ wo okùn fàmífàmí náà dáadáa: okùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n so pọ̀, èyí tó gbẹ̀yìn ṣì ń dán, ẹ̀rí pé omi ń sá wọlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n sì ń fi okùn lé e. Lórí ilẹ̀ tó jẹ́ àpáta nísàlẹ̀, gbígbẹ́ kànga jìn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Obìnrin oníkòkó náà rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dádì, ẹ padà wá lóṣù Èrèlé, kí ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn.”

Iná mànàmáná kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ilé wa, n kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòfò. Ìpè orí fóònù ń já bí mo bá ti kó sí ẹ̀yìn àpáta.

Ọ̀rọ̀ ìwòsàn ni mo fi alẹ́ ọjọ́ kẹta wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyàwó mi fínra, nítorí náà, ní aago mẹ́wàá kọjá, mo jáde lọ wá ẹni tó lè gbé mi lọ sí Àkúrẹ́ bí mo bá ní aláìsàn. Ilé oògùn méjì ti tì. Awakọ̀ kan ń jẹ ẹ̀bà nínú ọkọ̀ rẹ̀, nígbà tí mo rojọ́ tán, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Alàgbà, ṣé wọ́n lè jókòó, àbí wọ́n máa dùbúlẹ̀?” Ó ní bí wọ́n bá máa dùbúlẹ̀, òun yóò yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Ìdáhùn náà fọkàn mi balẹ̀, ó sì bà mí lẹ́rù pọ̀, nítorí ẹni tí kò gbé irú ẹ̀ rí kò ní mọ ìbéèrè yẹn.

Ní ọjà, àgbagbà, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ rọjú, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti fi ọkọ̀ wọ̀lú, bí ẹja tútù, ti gbówó lórí. Owó kòkó tún dá kún un: lọ́dún náà, iye tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé ti kọjá 10,000 dọ́là, ẹni tó sì lóko kì í bá ọ ná ọjà bí olùkọ́ ti ń ná an. Mo béèrè ilẹ̀ díẹ̀ tí n óò fi dáko. Bàbá kan wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n ta ọmọ fún òun.

N kò san owó. Mo bẹ Bàbá onílé pé kí wọ́n bá mi mú ilé náà dúró títí di oṣù Èrèlé, tí èmi àti ìyàwó mi yóò wá sun ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ yóò sì fa omi náà. Nọ́ńbà awakọ̀ yẹn wà lórí fóònù mi; mo pè é láti Ìbàdàn ní alẹ́ àná, láago mọ́kànlá, ó sì gbé e.