Ọdún kejì mi ní Kétu: bírò àti bíìkì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè mi, mo wà láyé o, Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ṣì wà láti January 2024, mo wá jókòó lálẹ́ yìí kí n ka ohun tí 2025 gbé wá àtohun tó gbé lọ.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìgbéraga mi ná. Nígbà tí ìjọ wa l'Ẹ́kìtì ń rán wa bọ̀, orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n rán àwọn míì lọ, àánú wọn sì ń ṣe mí nínú, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ kọ́ Haúsá láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ní tèmi, ìlú Alákétu ni mò ń lọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, kí ló tún kù? Mo rò pé kí n ṣáà ti gbé báàgì kalẹ̀ ni, ìwàásù ti yá.

Ọ̀sẹ̀ kejì tá a dé, à ń kọ orúkọ àwọn ọmọdé sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì ní kíláàsì kan tí wọ́n yá wa, mo bá ní kí ọmọkùnrin kan bá mi mú bírò wá. Ọmọ lọ, kò tètè dé. Ìgbà tó máa dé, òun àti ọmọ mẹ́ta ló di tábìlì tíṣà mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń wá bó ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àṣé tábìlì ìkọ̀wé ni bírò lẹ́nu Faransé! Èyí témi fẹ́ fi kọ̀wé, bíìkì ni wọ́n ń pè é. A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé ọkàn mi ò balẹ̀, torí gbogbo ìwàásù tí mo ti ń ṣe bọ̀ tí wọ́n ń ṣe àmín sí, kí ni wọ́n gbọ́ gan-an?

Torí ẹ̀ ni mo ṣe dín ẹnu kù lọ́dún yìí. Àwọn àgbà ìjọ níbí ló ń wàásù jù, èmi ń jókòó ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn mú mi dé Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ máa ń sọ pé ẹ mú ìhìnrere wá, ṣé ẹ mọ̀ pé Àjàyí Crowther ti wá síbí ní 1853, kí Dahomey tó wá fọ́ ìlú wa ní 1886?" Mo ṣírò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní 1853, ìhìnrere ò tíì dé Ẹ́kìtì wa. Mo ní ẹ ṣeun, bàbá.

Ti owó, ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá níbẹ̀. Náírà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wa, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ ní June 2023, débi pé 1,000 náírà ò tó 500 sẹ́fà, owó ibí, mọ́ báyìí, a ò sì fi náírà san owó ilé níbí. Kí báńkì tó jẹ́ kí n rí ìwọ̀nba ọ̀hún gan-an, wọ́n á fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sórí síìmù Nàìjíríà, mo sì gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà sẹ̀mí lọ sí Ìlárá létí bọ́dà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ń dé, kí n na fóònù sókè bí ẹni tó ń bẹ òjò. Ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń pe màámi. Wọ́n ní èmi tí mo wà nítòsí jìnnà ju ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London lọ, torí alaalẹ́ làwọn ń rí ojú tìyẹn.

Ọmọ wa obìnrin ti ń fi Faransé gbàdúrà oúnjẹ. Èmi àti ìyá ẹ̀ kàn ń ṣe àmín ni.

Fọ́ọ̀mù ìròyìn ọdún tí ìjọ ní ká kọ ló wà níwájú mi báyìí. Iye ọkàn tó ṣèrìbọmi: 7. Iye ìwàásù: tèṣí, 96 ni mo kọ, tọdún yìí 31, mo sì mọ̀ pé wọ́n á pè mí lórí ẹ̀. Ibẹ̀ ni yíǹkì ti tán. Mo ní kí ọmọ àdúgbò bá mi sáré ra òmíì, ọmọ tábìlì ọjọ́sí náà ni, ó ti ga tó mi báyìí, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń fẹyín, "Pásítọ̀, ṣé bíìkì ni àbí bírò?"