Ẹ má sáìnì bébà yẹn o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ fáktìrì láti Ṣágámù dé Ògijo, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, pàápàá ẹ̀yin kásúà.

Ẹ̀rọ gé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níka méjì níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gbé e lọ ọsibítù lóòótọ́, wọ́n sanwó ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Láti ìgbà yẹn kò sówó oṣù, tó bá pe kọntirátọ̀ tó mú un wọṣẹ́, á ní kó lọ bá kọ́ńpìnnì, tó bá dé kọ́ńpìnnì, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, kọntirátọ̀ làwọn mọ̀. Ìgbà tó yá ni súpáfáísọ̀ ní kó wá gbowó, pé ọ̀gá ṣàánú ẹ. Owó tí ò tó oògùn tó ti fi owó ara ẹ̀ rà! Kó tó gbà á, kó kọ́kọ́ sáìnì pé òun ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ òun, òun ò ní bá wọn fa nǹkan kan mọ́. Mo rí bébà yẹn. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ ò ju ti orúkọ, iye owó, àti ẹ̀yà ara tó fara pa lọ. Àlàfo fún ẹ̀yà ara! Ẹni mélòó ló ti sáìnì irú ẹ̀?

Àánú kọ́ o. Òfin Employees' Compensation Act ti wà láti 2010, ó ní kí kọ́ńpìnnì máa san náírà 1 nínú gbogbo náírà 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ fún NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àpò kọ́ńpìnnì ló ti gbọ́dọ̀ jáde, wọn ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó yín. Kásúà wà nínú òfin yẹn, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ fún yín ní lẹ́tà kankan. Bébà tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ sí pé ẹ yááfì ẹ̀tọ́ yín, òfin ò kà á sí, ṣùgbọ́n wọ́n á fi dẹ́rù bà yín, ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ má sáìnì nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fara pa, ọjọ́ 14 lẹ ní láti fi tó kọ́ńpìnnì létí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí tó bá jẹ́ ẹnu lásán, wọ́n á ní ẹ ò sọ. Kọ́ńpìnnì náà ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF. Ẹ̀yin fúnra yín ní ọdún 1 láti béèrè owó gbà-máà-bínú yín.

Ti ọmọ wa, àwọn gan-an ló gbé e lọ ọsibítù, wọn ò lè láwọn ò mọ̀. Sikiọ́rítì ò gba lẹ́tà wa ní gétì, a ti fi kúríà ránṣẹ́, risíìtì wà lọ́wọ́ wa. Ẹlẹ́rìí ló kù. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń bẹ̀rù kí wọ́n má dá àwọn náà dúró, mi ò bá wọn jà, ọmọ ń jẹun nílé. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ mí láago, mi ò ní dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ gbà.