Àwàdà nínú lẹ́tà tá a fi ń wá agent

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé tẹ́ ẹ ń kọ query letter, ìyẹn lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ń ṣàlàyé ìwé yín, ránṣẹ́ sáwọn agent ní New York, ìyẹn àwọn tó ń bá òǹkọ̀wé ta ìwé fáwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ọ̀rọ̀ àwàdà yìí ká mi lára gan-an. Lẹ́tà yẹn ò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ, bí ọ̀rọ̀ 300, inú ẹ̀ náà lẹ ti máa sọ ẹni tí ìtàn dá lé, ohun tó ń wá, ohun tó dí i lọ́nà, àti bí ìwé náà ṣe gùn tó, àyè wo ló kù fún ẹ̀fẹ̀ tí ò níṣẹ́ tó ń ṣe?

Tí ìwé yín bá ń pani lẹ́rìn-ín, ẹ má kọ ọ́ pé "ìwé mi pani lẹ́rìn-ín", ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìtàn: opó tó ń sunkún ọkọ ẹ̀ àmọ́ tó ń fojú kan ka iye kúlà ìrẹsì tó kù, ẹ̀rín ti dé nìyẹn! Kẹ́ ẹ wá máa fi orúkọ agent ṣeré, tàbí kẹ́ ẹ ní ẹni inú ìtàn ló ń kọ lẹ́tà, ẹ dákun, ó ti sú àwọn agent. Níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ nípa ara yín nísàlẹ̀, gbólóhùn apanilẹ́rìn-ín kan ti tó.