Jíìpù mi àti 504 bàbá mi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́nà Mọ̀pà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó bá fẹ́ ra jíìpù tòkunbọ̀ fún ìdílé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi etí díwọ̀n eré rẹ̀. Mítà ni kí ẹ máa wò. Ewúrẹ́ ló kọ́ mi.

Kérésì tó kọjá, à ń ti Kàbà lọ sí Ìsánlú. Highlander 2010 ni tèmi, ẹ́ńjìnnì 3.5, agbára ẹṣin 270. Ẹ́síì ń fẹ́, àwọn ọmọ ti sùn lọ lẹ́yìn, inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́ bíi yàrá àlejò. Lójú tèmi, eré 80 ni mo ń sá. Ó ku díẹ̀ ká dé Mọ̀pà ni ìyàwó mi figbe ta: “Dádì, ewúrẹ́!” Ojú mi bọ́ sí mítà: 130. Mo tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n gììrì-gììrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. ABS nìyẹn o, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ búréèkì gan-an. Bó bá ṣe yín, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ìgbọ̀nwọ́ méjì péré ló kù láàárín àwa àti ìyá ewúrẹ́.

Ọjọ́ kẹta, bàbá mi ní kí n fi Peugeot 504 òun lọ kó iṣu lóko. Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara nígbà tí wọ́n ra ọkọ̀ yẹn, Kaduna ni wọ́n ti tò ó. Kò tíì pé 80 tí gíláàsì ti ń pariwo, sítíárìn ń jó lọ́wọ́ mi, atẹ́gùn ń súfèé létí ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó dẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, 504 yìí gan-an ló wá láti ìdílé eléré ìje. Peugeot 504 ló gba Safari Rally, ìdíje eré ọkọ̀ ní Kenya, lọ́dún 1975 àti 1978, bàbá mi kì í sì í jẹ́ ká gbádùn nítorí ẹ̀. Ti 1978 yẹn, kúùpù oní-V6 ni, ìyẹn ọlọ́nà ilẹ̀kùn méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà, kì í ṣe irú tiwọn. Ẹ má bá mi sọ fún wọn. Kì í ṣe eré nìkan ló gbé e débẹ̀. Ó ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, ó ń gbé kòtò mì ni.

Jíìpù mi wúwo tó 1,900 kílò, 504 ò ju bíi 1,200 lọ. Eré tó bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí búréèkì máa fà á dé kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ni mi ò rò lọ́jọ́ náà.

Mi ò ní kí ẹ kó ọmọ sínú 504 o. Kò ní eébáàgì, kò ní ABS. Ká ní òun la gbé lọ́jọ́ yẹn, à bá ti san owó ewúrẹ́, bó bá mọ síbẹ̀. Ti àtúnṣe ò sì gba àlàyé: súpáánà ń tó 504, jíìpù ń fẹ́ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà.

Báyìí, mo máa ń ṣí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi díẹ̀ kí n lè gbọ́ atẹ́gùn. Ìyàwó mi ló ń bá mi wo mítà. Bó bá ti kọjá 90, wọ́n á wúkọ́.